Ìyẹ̀fun Kan, Búrẹ́dì Méjì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni Ìyá Oníbúrẹ́dì àti ọkọ rẹ̀ fi jọ ń jáde nílé láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Bàbá á bá a gbé Bíbélì dání, wọ́n á jọ máa rìn, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n á fi dé oríta tó wà ní ìparí òpópónà. Tí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, bàbá á dá Bíbélì padà fún un, á yà sọ́tùn-ún, á máa gòkè lọ sí Ìjọ Òkè. Ìyá á yà sósì, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìjọ Ìsàlẹ̀ létí odò. Lọ́sàn-án, ẹni tí ìsìn tiẹ̀ bá kọ́kọ́ parí á dúró de ẹnìkejì lábẹ́ òpó iná oríta. Bàbá ló sábà máa ń dúró, torí pé Pásítọ̀ Ìsàlẹ̀, ká má parọ́, tó bá ti ní "ní ìparí ọ̀rọ̀ mi," ẹ lè lọ se omi tíì, kí ẹ mu ún tán, kí ẹ sì padà wá bá a níbẹ̀.

Bàbá Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ, torí aago ló ń tún ṣe. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ́ra wọn, ilé méjèèjì ló fárígá. Bàbá ìyàwó ní òun ò ní fi ọmọ òun fún àwọn tó ń tan àbẹ́là lọ́sàn-án gangan. Ìyá ọkọ ní òun ò lè gba ọmọ àwọn aláriwo sílé. Àwọn méjèèjì bá jókòó, wọ́n bá ara wọn ṣàdéhùn pé, "Ìwọ má fà mí, èmi náà ò ní fà ọ́." Wọ́n sì pa á mọ́. Nígbà tí ọmọ dé, wọ́n pín wọn bí ẹni pín ogún: àkọ́bí lọ sí Òkè, àbúrò rẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ dàgbà tán, wọ́n kó lọ sí ìlú míràn, àwọn méjèèjì sì jọ dara pọ̀ mọ́ ìjọ kẹta, ìyẹn Ìjọ Oorun, wọn ò sì pa ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ rí níbẹ̀. Tí ìyá wọn bá rántí rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú rẹ̀ á bàjẹ́.

Iṣẹ́ búrẹ́dì, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Yàrá iwájú ilé ni ilé búrẹ́dì wà: ààrò bíríkì tí ẹnu rẹ̀ ti dúdú, tábìlì gígùn kan tí ọ̀bẹ ti jẹ láàárín, àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n tò sórí pákó kí ọ̀rinrin má bàa dé ibẹ̀, àti ìkòkò ìwúkàrà tí wọ́n fi aṣọ funfun bò lórí. Kì í ra ìwúkàrà inú páálí. Ìyẹ̀fun tó pò lánàá ló máa ń bù díẹ̀ kù sínú ìkòkò, á jẹ́ kó kan, á sì fi wú tòní. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń ṣe é, ìkòkò yẹn ò sì gbẹ rí láti ìgbà tó ti gbọ́njú.

Láti ọdún mẹ́tàlélógún, ìjọ méjèèjì ló ń ṣe búrẹ́dì Ìdàpọ̀ Mímọ́ fún. Ti Ìsàlẹ̀ rọrùn: búrẹ́dì roboto tó wú dáadáa, tí pásítọ̀ á bù sí wẹ́wẹ́. Ti Òkè ni wàhálà wà. Wọn ò fẹ́ kí ìwúkàrà kankan fara kan tiwọn, pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fẹ́ ẹ, bí ewé. Nítorí náà, kó tó pò ó, á fi omi gbígbóná fọ tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, á pààrọ̀ aṣọ, á sì gbé ìkòkò ìwúkàrà kúrò nínú yàrá pátápátá, á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé, á gbé e sáàárín àwọn aago. Bàbá á gbójú sókè lórí iṣẹ́, á wo ìkòkò, á ní, "Ẹlẹ́ṣẹ̀, o tún dé? Wá jókòó tì mí, wọn ò ní pẹ́ gbà ọ́ padà." Ìyá á ní kó má fi nǹkan mímọ́ ṣeré. Bàbá á ní ta ló ń ṣeré, òun ń ṣe àlejò ni.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, àyà Bàbá Aláago bẹ̀rẹ̀ sí í dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ kúrú. Dókítà fi nǹkan gbọ́ ọ láyà, ó tún un gbọ́, ó ní ọkàn náà ti rẹ̀, pé kí wọ́n rọra máa tọ́jú rẹ̀. Bàbá tó ti ń tún aago ṣe láti ogójì ọdún mọ ohùn ẹni tó ti ṣí nǹkan wò, tó sì tún un dé padà. Wọ́n gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, torí òtútù kì í fi í sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò ti lè gun òkè lọ sí ìjọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí ìyá ṣe ń ha tábìlì, bàbá ṣàdédé ní, "Ìyá Oníbúrẹ́dì."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ohun kan ló kù tó ń dùn mí. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, a ò jọ jẹ Ìdàpọ̀ rí. Ọwọ́ rẹ ló ń ṣe é, èmi á lọ jẹ ẹ́ lókè, ìwọ á lọ jẹ ẹ́ nísàlẹ̀. Mo fẹ́ bá ọ jẹ ẹ́ lórí tábìlì kan kí n tó lọ."

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"O mọ ibi tí mò ń lọ."

Ìyá kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń ha ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Òfin Ìjọ Òkè ni pé ẹni tí kì í bá ṣe tiwọn ò lè jẹ nídìí tábìlì wọn, ọmọ ìjọ wọn ò sì gbọ́dọ̀ lọ jẹ níbòmíràn. Ìjọ Ìsàlẹ̀ náà kì í fún ẹni tí wọn ò rì bọmi lójú ara wọn, bẹ́ẹ̀ omi tí wọ́n wọ́n sórí bàbá nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, wọn ò kà á sí nǹkan kan. Ọkọ lè yí padà o, ìyàwó lè yí padà. Ṣùgbọ́n ta ló máa yí? Ẹni tó bá yí ti sọ pé asán ni àdúrà bàbá òun àti ti ìyá òun látẹ̀yìnwá. Bàbá kì í ṣe ẹni tó ń parọ́, ìyàwó rẹ̀ náà kì í sì í ṣe ẹni tó máa ní kó parọ́ nítorí òun.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ìjì fi ká òrùlé Ìjọ Ìsàlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àwọn ará Òkè gbé àkàbà àti ìṣó wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n jọ fi kàn án, àwọn tí kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ ń nawọ́ òòlù síra wọn lórí àjà. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ẹnì kan ní ẹ jẹ́ ká jọ dúpẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ìsìn Ìṣọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ìsìn kan ṣoṣo ni, tòun ti Ìdàpọ̀.

Ẹ ò mọ bí inú Bàbá Aláago ṣe dùn tó. Ó ku oṣù kan, ó ní kí wọ́n bá òun lọ aṣọ ìsìn òun. Láràárọ̀, á di etí tábìlì mú, á dìde, á gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, á jókòó padà, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?" ìyá bi í, ẹ̀rù ń bà á.

"Mò ń fi dánra wò ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sídìí tábìlì. Ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́ fi bá ọ lọ."

Àwọn méjì ni wọ́n ní kó ṣètò. Àlùfáà Òkè jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń sùn nínú yàrá kejì. Pásítọ̀ Ìsàlẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà oníkùn, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ jí ẹni tó ń sùn náà. Ibo ni wọ́n ti máa pàdé? Tí Àlùfáà bá lọ sísàlẹ̀, àwọn ará Òkè á ní ó ti tẹrí ba. Tí Pásítọ̀ bá gòkè, àwọn ará Ìsàlẹ̀ á ní wọ́n ti rà á. Ni wọ́n bá fẹnu kò sí ilé búrẹ́dì. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, tí ìdí aṣọ dúdú àwọn méjèèjì ń funfun bákan náà, ìyá ń bu tíì fún wọn, bàbá ń fetí sílẹ̀ nínú àga.

Ká sọ tòótọ́, wọ́n gbìyànjú. Wọ́n fẹnu kò lórí orin. Wọ́n mú gbọ̀ngàn ilé ìwé ìjọba, kó má bàa jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Pásítọ̀ á fi wàásù, Pásítọ̀ sì gbà á bí ẹni tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n fún. Ó wá ku búrẹ́dì.

"Èyí tó wú ni," Pásítọ̀ ní. "Búrẹ́dì tí ènìyàn ń jẹ. Olúwa ò fi ewé gbígbẹ bọ́ ẹnikẹ́ni."

"Èyí tí kò wú ni, sà," Àlùfáà fèsì jẹ́jẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà."

"Ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ìyá yára fi etí aṣọ bo ẹnu. Pásítọ̀ fi ṣíbí ro tíì rẹ̀ títí. "Àlùfáà, àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà o."

"Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n tí paramọ́lẹ̀ bá ní àfi kí òjòlá máa rìn bí òun ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà kì í kúkú ṣe ti búrẹ́dì nìkan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbàdúrà sí i, ta sì ló lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ ẹ́? Àlùfáà ní òun ní àwọn tó wà lókè òun, òfin náà kì í ṣe ti òun. Pásítọ̀ ní òun náà ní àwọn alàgbà tó máa lé òun jáde tí òun bá fi oúnjẹ Olúwa fún ẹni tí kò tíì rì bọmi. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ kẹrin, ó ti rẹ àwọn méjèèjì. Wọ́n pinnu pé tábìlì méjì ló máa wà nínú gbọ̀ngàn. Tí àsìkò Ìdàpọ̀ bá tó, ará Òkè á yà sọ́tùn-ún, ará Ìsàlẹ̀ á yà sósì.

"Inú ilé kan náà ṣáà ni," Pásítọ̀ ní. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bàbá Aláago tẹjú mọ́ àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n dìde lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Oríta yẹn náà ni wọ́n rù wọnú ilé." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò dìde gbé ìṣísẹ̀ kankan.

Ìyá ò rí ọkọ rẹ̀ kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí ìyá tó bí ọkọ náà kú. Inú bí ìyá gidigidi. Ó bínú sí Àlùfáà, ó bínú sí Pásítọ̀, ó bínú sí bàbá tirẹ̀ tó ti wà nínú ilẹ̀ tipẹ́. Ìbínú yẹn ló gbé wọ ọjọ́ Sátidé, òun náà ló sì fi pò ìyẹ̀fun.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Kò fọ tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbé ìkòkò lọ sáàárín aago. Ìyẹ̀fun kan ṣoṣo ló pò, ó bu ìwúkàrà sínú rẹ̀, ó pò ó títí ó fi dán, ó sì fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Ìdajì kan, ó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ lójú ẹsẹ̀, ó gún un lójú wẹ́wẹ́, ó tì í sínú ààrò kó tó ráyè wú. Ìdajì kejì, ó fi aṣọ bò ó, ó jẹ́ kó wú, ó sun ún ní roboto. Nígbà tó kó méjèèjì jáde, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ìyẹ̀fun kan náà, omi kan náà, ìwúkàrà ìyá rẹ̀ kan náà ló wà nínú wọn. Kí wọ́n yà sọ́tùn-ún o, kí wọ́n yà sósì o, ó ní nínú ọkàn rẹ̀, búrẹ́dì kan ni wọ́n máa jẹ. Orin ló ń kọ nígbà tó ń gbálẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bó ṣe ń bá ọkọ rẹ̀ de bọ́tìnnì ọrùn, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó sún mọ́ ọn létí, ó sọ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdébìnrin. "Ẹ má dá wọn lóhùn jàre. Èmi àti ẹ̀yin á jọ jẹ ẹ́ lónìí."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó rọra ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rùn.

"Ta lo tún sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"A jẹ́ pé èmi nìkan ni mo mọ̀ pé o ń tàn wọ́n jẹ." Ó mí, ó tún mí. "Àwọn arúgbó tó wà ní ìjọ wa, tí wọn ò jẹ ohun tó ní ìwúkàrà nídìí tábìlì yẹn láti kékeré, o ti bá wọn pinnu. O ò bi wọ́n."

"Torí yín ni mo ṣe é!"

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ìṣọ̀kan tí ẹnìkejì ò mọ̀ sí, olè jíjà ni. Mi ò ní jẹ ẹ́."

Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí i lára. Ó fẹ́ bínú, ó fẹ́ ní ẹ wo aláìmoore, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń fọ tábìlì yẹn lẹ́ẹ̀mejì láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àwọn ará Òkè fọkàn tán an, ìdí tí wọn ò ṣe wá wò ó nìyẹn. Ojú ara rẹ̀ wá ń tì í.

"Kí ni kí n ṣe báyìí?"

"O mọ ohun tó yẹ."

Kápẹ́ńtà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn ló fi ọkọ̀ tó fi ń ru pákó gbé wọn dé gbọ̀ngàn. Mùsùlùmí ni, ọ̀rẹ́ bàbá sì ni. Ìyá gbé bàbá jókòó sórí àga iwájú, ó wá gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì lọ sí yàrá ẹ̀yìn níbi tí Àlùfáà àti Pásítọ̀ ti ń wọṣọ. Ó kúnlẹ̀. Wọ́n rò pé àdúrà ló fẹ́ gbà. Ó sọ ọ́ ní ṣókí, kò wá àwáwí kankan.

Pásítọ̀ kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú Àlùfáà, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Àlùfáà mú búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan, ó wò ó, ó dá a padà sínú apẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, láti ìgbà wo lẹ ti ń ṣe é?"

"Òní nìkan. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Mo gbà yín gbọ́," ó ní. Bó ṣe ní òun gbà á gbọ́ yẹn ló pa ìyá lẹ́kún.

Kò sí búrẹ́dì míràn, ààrò ti tutù nílé, ènìyàn bí ọ̀ọ́dúnrún sì ti jókòó. Àlùfáà jáde síta, ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé àṣìṣe ti wọ búrẹ́dì Ìjọ Òkè, pé kò ní sí Ìdàpọ̀ fún wọn lónìí. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n oníbúrẹ́dì mélòó ló wà ládùúgbò? Gbogbo ojú yí sí ẹnì kan. Pásítọ̀ náà dìde. Búrẹ́dì roboto wà níwájú rẹ̀, àwọn ará Ìsàlẹ̀ ti ń múra àtidìde. Ó wò ó pẹ́.

"Tí wọn ò bá jẹ," ó ní, "a ò ní jẹ níṣojú wọn." Ó fi aṣọ bo búrẹ́dì, ó jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa rí i kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú nìyẹn.

Ìsìn náà kò dùn. Orin tí wọ́n ti ń kọ́ láti oṣù kan jáde bí ìkùnsínú. Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ará Òkè ní àwọn ará Ìsàlẹ̀ ló rán an, ṣebí ọmọ ìjọ wọn ni. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ ní torí ọkọ rẹ̀ ará Òkè ló ṣe fi ebi pa àwọn. Obìnrin kan tí wọ́n ti jọ ń kọrin láti ogún ọdún ká etí aṣọ rẹ̀ kò, kó má bàa kan ìyá lára. Kápẹ́ńtà tó dúró dè wọ́n lẹ́bàá ọkọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mi orí. "Ìwé kan náà lẹ̀ ń kà o," ó ní. "Èmi tí mò ń ka òmíràn, mo rò pé mo máa wá bá yín jókòó lọ́jọ́ kan. Ó dà bí pé kí n ṣì ní sùúrù."

Nínú ọkọ̀, bàbá di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "A ò jẹ lónìí, èmi àti ìwọ," ó ní. "Ó kéré tán, ebi kan náà ló pa wá." Ìyá ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni àbí kí òun sunkún, ló bá ń ṣe méjèèjì pọ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Ìjọ Òkè ti gba iṣẹ́ búrẹ́dì Ìdàpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Ìjọ Ìsàlẹ̀ náà sì gba tiwọn. Nínú gbogbo ètò ìṣọ̀kan yẹn, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹnu kò lé lórí láìjiyàn nìyẹn.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìsìn, bàbá ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Àlùfáà wá lọ́sàn-án, ó gbé búrẹ́dì Ìdàpọ̀ tí wọ́n ń gbé fún aláìsàn wá nínú àwo fàdákà kékeré kan, èyí tí oníbúrẹ́dì míràn ṣe ní ọ̀nà jíjìn. Àwọn aago tí bàbá ò tíì tún ṣe tán wà lára ògiri yàrá, wọ́n ń dún, kálukú pẹ̀lú àkókò tiẹ̀. Ìyá fẹ́ jáde. Bàbá ní kó dúró.

"Àlùfáà," ó ní, "ẹ fún ìyàwó mi náà."

Àlùfáà wolẹ̀. "Bàbá, ẹ mọ̀ pé mi ò láṣẹ."

"Mo mọ̀. Mo kàn ní kí n bi yín ni." Ó pa ẹnu dé. Àlùfáà mú búrẹ́dì sún mọ́ ọn, bàbá ò la ẹnu.

Ìyá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ má fi ebi lọ torí tèmi." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ó pẹ́ kí bàbá tó la ẹnu. Ó gbà á, ṣùgbọ́n kò lágbára láti jẹ ẹ́ dáadáa mọ́, èérún kan sì já bọ́ láti ètè rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wò ó. Kò tó ìdajì èékánná.

Àlùfáà bá dìde. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó kọjú sí ògiri, ó ń wo àwọn aago. Kò sí ohun tó fẹ́ mọ̀ lára aago, ó ń fún un láyè ni. Tí ìyá bá gbé e sẹ́nu, ẹnikẹ́ni ò rí i. Òun àti ọkọ rẹ̀ á ti jẹ oúnjẹ kan, bàbá á sì lọ ní àlàáfíà. Bàbá ń wò ó. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wu ìyá. Ó wù ú débi pé ó ti gbé àtẹ́lẹwọ́ náà sún mọ́ ẹnu.

"Àlùfáà," ìyá ní. "Ẹ kọjú sí mi."

Àlùfáà ò yíjú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ti jí i lẹ́ẹ̀kan, ó tó gẹ́ẹ́. Tí ẹ bá máa fún mi, ẹ máa wò mí lójú kí ẹ fún mi. Tí ẹ ò bá lè fún mi, ẹ wá gbà á."

Àlùfáà yíjú padà. Ó ti ń sunkún. Ó na ọwọ́, ó ká a kò, ó tún nà án. Ìyá ń dúró dè é, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè. Nígbà tó yá, Àlùfáà fi orí ìka mú èérún náà kúrò níbẹ̀, ó sì gbé e sẹ́nu ara rẹ̀. "Ẹ dárí jì mí," ó ní.

Nígbà tó lọ tán, bàbá fi ọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ tó ṣófo náà. "O ṣeun," ó ní. "Torí èyí ni mo ṣe fẹ́ ọ." Ọjọ́ Ẹtì ló kú, láàárọ̀, bí ìyá ṣe ń bu tíì fún un. Kápẹ́ńtà ló kan pósí rẹ̀.

Ìyá ṣì ń ṣe búrẹ́dì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé Bíbélì rẹ̀ dé oríta báyìí, á dúró wo òkè díẹ̀ kó tó yà sósì. Àwọn kan ṣì wà nínú ìjọ rẹ̀ tí kì í kí i. Ó ń dùn ún, kì í sì í fi pa mọ́.

Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, Àlùfáà yọ sí ilé búrẹ́dì. Kò jókòó.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lókè mi. Mo bi wọ́n ohun tí bàbá bi mí. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, ti èérún náà, àti pé mo kọ ẹ̀yìn síbẹ̀."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò tíì fèsì."

Láti ìgbà náà, kò sí Ọjọ́bọ̀ tí kì í wá ra búrẹ́dì roboto kan, èyí tó wú. Kì í dúró kí ìyá bèèrè, láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń mi orí pé wọn ò tíì fèsì. Ó di ọdún méjì báyìí. Ìyá á fi bébà wé búrẹ́dì náà, á nà án sí i.

"Kò burú," á ní. "Tí ẹ bá tún ń kọ̀wé sí wọn, ẹ bá mi kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé èmi náà ti ń darúgbó."